Ṣíà ni kí n rà ni, àbí kí n kó owó lé sólà àti bátìrì?

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe owó ńlá, ṣùgbọ́n òógùn ojú mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n kó gbogbo rẹ̀ ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́, pé tó bá jókòó sí báńkì lásán, ọ̀wọ́ngógó ọjà á máa jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi ra páńẹ́ẹ̀lì sólà, ínfátà àti bátìrì, pé ohun téèyàn bá fojú ara rẹ̀ rí nínú ilé ló dájú. Èmi fúnra mi, bí mo bá ti gbọ́ ìròyìn ogun àti ti owó ibodè láàárọ̀, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi kí n má fọwọ́ kan ohunkóhun títí ayé á fi rọlẹ̀. Kí ni ẹ̀yin máa ṣe ká ní ẹ̀yin ni?"

* * *

Àbúrò, àwọn tó ti fún ẹ lésì ṣáájú mi pín sọ́nà mẹ́ta. Àwọn kan ní ṣíà nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti ọ̀wọ́ngógó lọ. Àwọn kan ní ṣíà kì í tan iná, pé kí o ra ohun tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lálẹ́ òní. Àwọn tó kù, àwọn ló sì pọ̀ jù, ní kí o ṣe sùúrù kí ayé rọlẹ̀. Àwọn onísùúrù yìí gan-an ni mo fẹ́ bá fa ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n màá padà sọ́dọ̀ wọn.

Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi ẹ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ lọ́la, oṣù mélòó lo lè fi gbọ́ bùkátà láìyáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Bó bá jẹ́ pé owó tí o ń sọ yìí ni gbogbo ohun tí o ní, ìjiyàn ṣíà àti bátìrì ò tíì kàn ẹ́. Kọ́kọ́ yọ ìnáwó oṣù mẹ́ta sọ́tọ̀, ó kéré tán. Oṣù mẹ́fà ló tẹ́ èmi lọ́rùn. Kó wà níbi tí o ti lè fà á yọ láàárín ọjọ́ kan. Bó bá ń jẹ èlé kékeré, a dúpẹ́, bí kò bá sì jẹ rárá, kò sí ìjà. Iṣẹ́ owó yẹn ni pé kò ní jẹ́ kí o ta ohun tí o rà lọ́jọ́ tí kò yẹ kó o tà á. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀ la ń jiyàn lé lórí.

* * *

Ẹnì kan bínú sí mi nítorí sólà. Ó ní tòun ń pa 12% wọlé fún òun lọ́dún, pé kí n fi ṣíà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ han òun. Ẹ̀gbọ́n, mi ò pè yín ní òpùrọ́. Ìṣirò yẹn ló ní ihò nídìí.

Ká ní 100 lẹ ná sórí gbogbo ẹ̀, ẹ wá rí i pé owó iná àti owó epo tí ẹ kò san mọ́ lọ́dún jẹ́ 12. Lóòótọ́, 12 nínú 100 ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé 100 fún ẹnì kan tó ń fún yín ní 12 lọ́dún, lẹ́yìn ọdún 15, 100 yín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ó gbà á padà. Lẹ́yìn ọdún 15, ta ló fẹ́ ra ínfátà àlòkù àti bátìrì tó ti dákú lọ́wọ́ yín? Nínú 12 tó ń wọlé yẹn, apá kan jẹ́ èrè, apá kejì jẹ́ owó tiyín gan-an tó ń padà bọ̀ wálé lẹ́sẹẹsẹ. Bí a bá ṣírò rẹ̀ bí àwọn tó mọ owó ṣe ń ṣírò rẹ̀, pé ọdún 15 ni gbogbo ẹrù náà máa fi ṣiṣẹ́ kó tó di pàǹtírí, èrè tó wà nídìí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 8.4% lọ́dún. Bí ẹ bá ní láti pààrọ̀ bátìrì lọ́dún kẹwàá, tí tuntun gba 30, ó já wá sí nǹkan bíi 6%.

Kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. Èrè 6% tí ọjà ìpín ò lè fọwọ́ bà, tó tún ń fún yín níná lálẹ́, èmi á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bí owó iná bá sì ń gòkè lọ́dọọdún, 12 yín náà á máa di 13, á di 14. Páńẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ tiẹ̀ máa ń pẹ́ ju ọdún 15 lọ. Ọdún 25 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é máa ń ṣe onígbọ̀wọ́ pé agbára rẹ̀ ò ní ré kọjá ìwọ̀n kan wálẹ̀. Ínfátà àti bátìrì ló ń tètè bẹ̀bẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mò ń sọ ni pé ẹ má gbé 12% ti sólà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 12% ti ṣíà bíi pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Àti pé 12 yẹn ò dọ́gba láti ilé dé ilé. Ọ̀sán ni oòrùn ń ràn. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ará ilé ti lọ síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, tí bátìrì sì kéré, iná tó pọ̀ jù nínú èyí tí páńẹ́ẹ̀lì ń pèsè kò ní rí ibi wọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé látàárọ̀ lè rí 12. Ẹni tó ń jáde láàárọ̀ kùtù tó ń wọlé lálẹ́ lè rí 5 lára ohun èlò kan náà.

* * *

Ẹni tó ní kó gbé gbogbo ẹ̀ sórí Bitcoin, owó orí kọ̀ǹpútà yẹn: oṣù kọkànlá ọdún 2021, ẹyọ kan wọ nǹkan bíi 69,000 dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 2022, ó ti já sísàlẹ̀ 16,000, oṣù yẹn náà sì ni FTX, ilé-iṣẹ́ táwọn èèyàn ti ń ra irú owó yìí, wó lulẹ̀ tòun ti owó àwọn tó fọkàn tán wọn. Mo mọ̀ pé ó padà gòkè, tó tiẹ̀ ré 100,000 kọjá ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Ẹni tó rà á ní 69,000, tí àyà rẹ̀ já tó sì tà á ní 16,000, kò sí níbi àríyá yẹn. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Mo ní díẹ̀ níbẹ̀, ìwọ̀n èyí tí mi ò ní ṣàárò rẹ̀ bó bá jóná. Ó tó bẹ́ẹ̀.

* * *

Ó kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó dúró kí ayé rọlẹ̀. Ọjọ́ wo ni ayé rọlẹ̀ gbẹ̀yìn? Mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Ọdún 2008, Lehman Brothers, báńkì ńlá Amẹ́ríkà kan, wọlẹ̀, gbogbo báńkì ń gbọ̀n. Ọdún 2016, Bìrìtìkó dìbò pé àwọn ń jáde kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ọdún 2020, àrùn ti gbogbo ayé mọ́lé. Oṣù kejì ọdún 2022, Rọ́ṣíà wọ Ukraine. Oṣù kẹrin ọdún 2025, Amẹ́ríkà kéde owó ibodè sórí ọjà gbogbo ayé. Ẹ fi ọdún tí ọkàn yín balẹ̀ nínú ìwọ̀nyí hàn mí, kí n mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀.

Mi ò sọ ọ́ láti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú gbogbo ohun tó ti jẹ mí lówó láyé mi, àtẹ̀lé ìròyìn ló wà lókè pátápátá. Ó ju ẹrù tó bàjẹ́ lọ, ó ju ẹni tó yáwó tí kò san lọ.

Oṣù kẹta ọdún 2020 ni. Mo ti ní owó nínú àpò ìdókòwò kan fún ọdún mẹ́fà, mi ò sì yọ ọ́ lẹ́nu, kò yọ mí lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wo ìròyìn lórí fóònù kí n tó sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, iná fóònù nìkan ló tàn nínú yàrá, gbogbo ojú áàpù náà pupa fòò. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ "tà" sí. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá sùn fọnfọn. Oorun tí mo sùn lálẹ́ yẹn ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní.

S&P 500, ìyẹn àkójọ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà bíi 500, já wálẹ̀ ní nǹkan bíi 34% láàárín ọjọ́ 19 oṣù kejì sí ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún yẹn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ, ó ti padà ré kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Èmi ń retí kí ìròyìn dáa kí n tó padà wọlé. Ìròyìn ò dáa, ọjà sì ti lọ. Oṣù kẹsàn-án ni mo padà rà á, ní iye tó ga fíìfíì ju iye tí mo tà á lọ.

Ti ọdún 2025 tún yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ni wọ́n kéde owó ibodè yẹn. Láàárín ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, S&P 500 pàdánù ohun tó lé ní 10%. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ààrẹ wọn ní kí wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ dúró fún 90 ọjọ́, ọjà sì fò sókè ní 9.5% lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó tà lọ́jọ́ kẹjọ torí kí ayé lè rọlẹ̀, ṣé ẹ rí bó ṣe rí? Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò tà. Kì í ṣe pé mo gbọ́n sí i. Mo ti pa áàpù yẹn rẹ́ lórí fóònù mi, mo sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀.

* * *

Ẹnì kan bi mí pé ṣé kéèyàn má gbọ́ ìròyìn mọ́ ni. Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè yí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ yìí padà.

Bí àpẹẹrẹ, láàárín oṣù kẹta ọdún 2022 sí oṣù keje ọdún 2023, báńkì àgbà Amẹ́ríkà gbé èlé rẹ̀ láti ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo lọ sí àárín 5.25 sí 5.5%, ọ̀pọ̀ báńkì àgbà lágbàáyé náà sì gbé tiwọn. Ìyẹn kan ẹni tó fẹ́ yáwó ra sólà. Ẹ rántí 6% tá a ṣírò lókè. Bí ẹ bá yáwó ní èlé 10% láti fi ra ohun tó ń mú 6% wọlé, ẹni tó yá yín lówó lẹ ń bá ṣiṣẹ́, ẹ̀yin kàn ń tọ́jú bátìrì fún un ni. Irú ìròyìn yẹn wúlò. Èyí tó kù, "àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń kìlọ̀ pé", àgbọ́ìgbọ́tán ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí bátìrì, torí mo rí i pé àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn pé kó rà á ò sọ ibi tó ti ń múni.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kí o tó bi ẹnikẹ́ni pé bátìrì wo ló dáa, mú bébà, kọ ohun tí o fẹ́ kó gbé sílẹ̀. Gílóòbù LED márùn-ún, wáàtì 10 lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́fà: 300. Ẹ̀rọ Wáìfáì, wáàtì 10, wákàtí 24: 240. Fáànù kan, wáàtì 60, wákàtí mẹ́jọ: 480. Ó di 1,020 watt-hour (wáàtì tá a fi wákàtí sọ di púpọ̀) lóòjọ́. Fi ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ máa jẹ kún un, ó ti fẹ́ tó 1,160. Wàyí o, ọ̀rẹ́ ẹ máa ní kí o ra bátìrì lead-acid kan, irú èyí tó ní òjé àti ásíìdì nínú, 12 fólítì, 200 Ah (ampere-hour). Bí o bá fi 12 sọ 200 di púpọ̀, ó jẹ́ 2,400 watt-hour. Ṣùgbọ́n bí o bá ń fà á kọjá ìdajì lójoojúmọ́, kò ní bá ẹ pẹ́. Nítorí náà 1,200 ni tìẹ. O ti rà á tán, ó sì kù díẹ̀ kó má tó fún gílóòbù àti fáànù lásán, a ò tíì dárúkọ fíríìjì. Áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ wáàtì 1,000 sókè, gbàgbé ẹ̀.

Lithium irú ti LiFePO4 wọ́n lówó ju ìyẹn lọ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n o lè lo 80% rẹ̀ sókè láìpa á lára, ó sì lè kún kó tún gbẹ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Tí ẹ bá pín owó rẹ̀ sí iye alẹ́ tó máa tan iná fún yín, ìyẹn tí ẹ rò pé ó wọ́n yẹn ni owó rẹ̀ máa ń kéré jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé bátìrì kì í dààmú èèyàn, ẹ jókòó kí n sọ tèmi. Mo gbọ́ òórùn kan lálẹ́ ọjọ́ kan, bíi rọ́bà tó ń rá. Mo rò pé láti ìta ni. Mo tún lọ jókòó. Ìgbà tó ṣe, mo lọ síbi igun tí bátìrì wà, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan wáyà méjèèjì. Ọ̀kan tutù. Èkejì gbóná bíi ara ìkòkò, rọ́bà pupa tó bo orí rẹ̀ ti wú, ó ti ń dán. Mo pa gbogbo ẹ̀. Nígbà tó tutù, mo fi ìka méjì di nọ́ọ̀tì orí bátìrì mú, ó sì yí. Ìka lásán ló yí i o! Ẹni tó wá so ó mọ́lẹ̀ ò fún un tán, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò láti oṣù méje.

Ìdí tó fi gbóná nìyí: ẹrù 1,000 wáàtì lórí bátìrì 12 fólítì ń fa iná tó lé ní 80 ampere (ìwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn) gba ẹnu nọ́ọ̀tì kékeré yẹn. Bí kò bá fún, ibẹ̀ ló máa ń gbóná. Ẹrù kan náà lórí 48 fólítì ń fa nǹkan bíi 21 péré, ìgbóná ojú ibi tí wáyà ti pàdé sì máa ń dín sí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Èyí ló fà á tí mo fi ń bá àwọn tó ń ta 12 fólítì fún ilé olóhun-èlò púpọ̀ jà. Fún gílóòbù àti Wáìfáì, 12 ti tó. Bó bá ti kọjá ìyẹn, ẹ sún sókè.

* * *

Kékeré kan lórí àwọn ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ látorí fóònù, nítorí ẹnì kan ní òun fẹ́ kí gbogbo ilé òun "gbọ́n".

Mo ra ínfátà kan tí áàpù rẹ̀ dùn ún wò. Láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn tó ṣe é pa kọ̀ǹpútà tí áàpù yẹn ń bá sọ̀rọ̀. Ínfátà ṣì ń tan iná, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ohun tí wọ́n gbé sínú áàpù nìkan, irú bí aago tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná, ti wà bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n pa á. Kò sí bọ́tìnì lára rẹ̀ tó lè yí i padà. Kì í ṣe èmi nìkan. Nest, tó jẹ́ ti Google, ra ilé-iṣẹ́ Revolv lọ́dún 2014, nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2016 wọ́n pa iṣẹ́ rẹ̀, àpótí tí àwọn èèyàn ti fowó wọn rà láti fi darí ẹ̀rọ inú ilé sì di ike lásán.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ni kí ẹ bi ẹni tó ń tà á: bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, kí lẹ̀rọ yìí ṣì lè ṣe? Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé gígùn, ẹ ti gbọ́ èsì.

Kámẹ́rà ńkọ́? Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá padà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ ògiri. Lọ́dún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai kó kámẹ́rà àti ẹ̀rọ Wáìfáì àìníye sábẹ́ àṣẹ rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé-iṣẹ́ nìkan ló ń gbìyànjú. Ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n fi wọ́n kọ lu ilé-iṣẹ́ Dyn, tó ń júwe ọ̀nà sí àwọn ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì, Twitter àti Netflix ò sì ṣeé ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kámẹ́rà tẹ́ ẹ rà nítorí olè, òun náà ń jalè.

* * *

Mo ti ń gbèjà ṣíà, ẹ jẹ́ kí n bá àwọn ará mi níbẹ̀ náà jà díẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé "ṣíà máa ń padà bọ̀ sípò, fi sílẹ̀ ṣáá ni." Kì í ṣe gbogbo ìgbà, kì í sì í ṣe gbogbo ibi. Nikkei, òṣùwọ̀n ọjà ìpín ti Japan, wọ nǹkan bíi 38,900 lópin ọdún 1989. Oṣù kejì ọdún 2024 ló tó ré ibẹ̀ kọjá. Ọdún 34! Ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ́dún 1989 nígbà tó wà lẹ́ni ogójì ọdún, ó ti di ẹni ọdún 74 kí iye yẹn tó padà. Lóòótọ́, ó ń gba èrè ìpín díẹ̀díẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹnu dùn ún ròfọ́, ẹni tó dúró ọdún 34 ló mọ̀ ọ́n.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé kó má jẹ́ orílẹ̀-èdè kan, kó má jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan, kó má sì jẹ́ ọjọ́ kan. Àpò tó ń ra díẹ̀díẹ̀ lára gbogbo ilé-iṣẹ́ tó wà nínú àkójọ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní index fund, ni mò ń lò. John Bogle, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ ìdókòwò Vanguard sílẹ̀, gbé irú rẹ̀ jáde fún ará ìlú lásán lọ́dún 1976. Ó ń retí mílíọ̀nù 150 dọ́là, nǹkan bíi 11 mílíọ̀nù ló rí, wọ́n sì pè é ní ìwà òmùgọ̀ Bogle.

Ohun tó mú kí n gbà pẹ̀lú Bogle ni owó iṣẹ́ tí wọ́n ń yọ. Ká ní ọjà ń mú 7% wọlé lọ́dún. Ẹni tó ń yọ 1.5% lọ́wọ́ ẹ lọ́dọọdún àti ẹni tó ń yọ 0.1%, ó dà bíi pé wọn ò jìnnà síra. Lẹ́yìn ọdún 30, 100 ẹ lọ́dọ̀ àkọ́kọ́ á jẹ́ nǹkan bíi 498. Lọ́dọ̀ èkejì, 740. Owó tó yẹ kó jẹ́ tìẹ ni ẹni tó ń yọ 1.5% yẹn ń gbé lọ sílé.

Warren Buffett, gbajúgbajà olówó onídòókòwò Amẹ́ríkà, bá àwọn kan ta tẹ́tẹ́ lórí èyí, ọdún mẹ́wàá, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008. Òun mú index fund ti S&P 500, àwọn mú àwọn àpò márùn-ún tí àwọn ọlọ́gbọ́n ń darí. Lọ́dún àkọ́kọ́, tirẹ̀ já wálẹ̀ ní 37%, tí àwọn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún 2017, tirẹ̀ ti gòkè ní 125.8%. Èyí tó ṣe dáadáa jù nínú márùn-ún tiwọn ṣe 87.7%, èyí tó gbẹ̀yìn ṣe 2.8%. Ẹ wo ọdún àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ wa ì bá ti tà níbẹ̀.

* * *

Wúrà: ó dáa fún ẹni tí kò lè sùn bí kò bá ní i. Kì í tan iná, kì í san èrè. Mo ti dáhùn.

* * *

Àbúrò ti padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó yí gbogbo ẹ̀ padà: "Ẹ ṣeun gan-an. Owó mi tó ìnáwó oṣù 14. Mi ò sì sọ fún yín tẹ́lẹ̀, ilé tí mo ń gbé, mo gbà á ni. Ọdún méjì péré ló kù nínú àdéhùn èmi àti onílé."

Gbogbo wa ti ń já ara wa jẹ lórí òrùlé tí kì í ṣe tìẹ! Bí o bá so páńẹ́ẹ̀lì mọ́ òrùlé onílé, lọ́jọ́ tí o bá ń kó lọ, wàá san owó láti tú u, wàá san owó láti dí ihò, wàá tún san owó láti so ó mọ́ ibòmíràn. Ọdún 15 tá a fi ṣírò ti di ọdún méjì. Ẹ̀yin onísólà, ẹ bá mi dákẹ́ díẹ̀ lórí èyí.

Ohun tí èmi á ṣe nìyí. Ìnáwó oṣù mẹ́fà, má fọwọ́ kàn án. Ìnáwó oṣù méjì, ra bátìrì LiFePO4 kékeré tí ínfátà wà nínú rẹ̀, èyí tó ṣeé gbé lọ́wọ́, tó ń gba iná lára ògiri, tó sì lè gba páńẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí o lè gbé sójú fèrèsé. Gílóòbù, fáànù, Wáìfáì, fóònù. Wàá gbé e lọ lọ́jọ́ tí o bá ń kó. Ìnáwó oṣù mẹ́fà tó kù, pín in sí mẹ́fà, máa fi ọ̀kan ra àpò tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré lóṣooṣù, èyí tó kó orílẹ̀-èdè púpọ̀ mọ́ra.

Àwọn kan máa sọ pé kéèyàn kó o wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ló ń sanwó jù, torí ọjọ́ tí ọjà ń gòkè pọ̀ ju ọjọ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Lórí bébà, wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra ẹ ló sọ pé ìròyìn àárọ̀ ń dí ẹ lọ́wọ́. Bí o bá kó gbogbo ẹ̀ wọlé lónìí, tó já ní 10% lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ náà á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ bí mo ṣe jókòó. Pín in.

* * *

Ó tún bi mí: "Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àbí kí n dúró kí báńkì àgbà ṣèpàdé lórí èlé ná?"

Ọ̀sẹ̀ yìí ni. Kí o sì bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ tó ti ní sólà nílé pé kó pa á, kó mú sípánà, kó lọ gbìyànjú nọ́ọ̀tì orí bátìrì rẹ̀ wò.